Ta ló ní kí àga rọ́bà rí báyìí?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Ọdún kẹta ni mo wà níbi tí mo ti ń kọ́ Industrial Design. Wọ́n ní kí oníkálukú wa mú ohun kan tí ilé iṣẹ́ ṣe, kó sì kọ àyẹ̀wò ìrísí rẹ̀. Mo mú àga rọ́bà funfun, èyí tí wọ́n fi ń ṣe òde. Ohun tí mo kọ rèé ní ṣókí: "Àga náà funfun, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin àti apá méjì, wọ́n dá ihò sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa wọlé, ó lẹ́wà, ó sì wúlò." Olùkọ́ wa dá a padà, ó ní àpèjúwe ni mo kọ, òun ò rí àyẹ̀wò kankan níbẹ̀. Kí gan-an ni ìyàtọ̀? Mo tún wá orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ya àga yìí títí, mi ò rí i. Ṣé kí n kúkú mú nǹkan mìíràn ni? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo sì lè lo fọ́tò dípò yíyà?

Ìdáhùn

Má mú nǹkan mìíràn o, àbúrò mi. Ohun tó dáa lo mú. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á lọ mú fóònù olówó gọbọi tàbí mọ́tò ilẹ̀ òkèèrè tí wọn ò lè tú, tí wọn ò lè dojú ẹ̀ dé, gbogbo ohun tí wọ́n á sì kọ, inú ìpolówó ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni wọ́n ti máa rí i. Àga rọ́bà wà níta ilé yín. O lè gbé e sùn, o lè fi ayùn gé èyí tó ti kán nínú wọn, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́.

Olùkọ́ rẹ ò sì parọ́ mọ́ ọ. Nínú ohun tí o kọ yẹn, ibì kan ṣoṣo ló fẹ́ jọ àyẹ̀wò, ìyẹn ibi tí o ti ní wọ́n dá ihò sẹ́yìn àga kí atẹ́gùn lè máa wọlé. Ó kéré tán, o sọ ìdí níbẹ̀. Ìyókù, ẹnikẹ́ni tó bá lójú ló lè rí i. Àpèjúwe a máa sọ ohun tó wà. Àyẹ̀wò ìrísí a máa bi í pé: ta ló ní kó rí báyìí? Bí ibí yìí bá nípọn jù báyìí lọ, bí igun tọ̀hún bá mú ṣáṣá, bí ihò yìí ò bá sí níbẹ̀ rárá, kí ni ì bá bàjẹ́, ta ni ì bá pariwo? Ẹni tó ń jókòó lè pariwo. Ẹni tó ń da rọ́bà sínú ẹ̀rọ lè pariwo. Ẹni tó ń kó àga sínú ọkọ̀ akẹ́rù náà lè pariwo, àti ẹni tó ń sanwó gbogbo rẹ̀. Àdéhùn àárín àwọn wọ̀nyí ni ìrísí tí ò ń wò. Ibi tí wọ́n ti ń bá ara wọn jà gan-an ni kí o jókòó sí pẹ̀lú bíró rẹ.

Ó yá, dojú àga náà dé.

Wo abẹ́ ìjókòó rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ àwọn àga wọ̀nyí, wàá rí kókó kékeré kan níbi àárín, tó rí ṣákaṣàka bí ẹni pé wọ́n gé nǹkan kúrò níbẹ̀. Ojú ibẹ̀ ni rọ́bà gbà wọlé. Wóró-wóró ni polypropylene, ìyẹn irú rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe àga yìí, máa ń wà nínú àpò kó tó di àga. Ẹ̀rọ á yọ́ ọ, ooru rẹ̀ á tó nǹkan bí 220 lórí òṣùwọ̀n Celsius, á wá fi agbára ńlá tì í gba ojú kékeré yẹn wọnú móòdù, ìyẹn irin alápá méjì tí inú rẹ̀ ní ìrísí àga, tí wọ́n ti pa dé. Rọ́bà tó ti yọ́ yìí á sáré láti àárín lọ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, sí apá, títí dé orí ẹ̀yìn àga, ó sì gbọ́dọ̀ débẹ̀ kó tó gan. Bó bá ti tutù tó, móòdù á là, odidi àga á jáde. Kò sí ìṣó, kò sí àtè, kò sí skúrù kankan. Gbogbo rẹ̀ ò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan sí méjì lọ.

Tí o bá ti mọ èyí, àga náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ fún ọ. Fi ìka tọ etí rẹ̀ yí ká. Wàá kan ìlà tín-ín-rín kan tó yọ sókè díẹ̀, èyí tí ojú kì í tètè rí. Ibẹ̀ ni apá méjì móòdù ti pàdé. Ìlà yẹn ṣe pàtàkì ju àwọ̀ funfun tí o fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lọ, nítorí pé gbogbo ohun tó wà lápá kan rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè fa ara rẹ̀ yọ kúrò nínú irin láìhá. Ẹni tó bá ti se mọ́ínmọ́ín rí mọ̀ ọ́n: èyí tí a sè nínú agolo tó dúró ṣánṣán, ọ̀bẹ la máa fi yí etí rẹ̀ ká kó tó jáde, èyí tí a sè nínú kọ́ọ̀bù tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ, bí a ṣe dojú rẹ̀ dé ló bọ́. Ìdí nìyí tí o kò fi ní rí ẹsẹ̀ àga rọ́bà tó dúró ṣánṣán láti òkè délẹ̀. Ó fẹ̀ lókè, ó ń tín-ín-rín bọ̀ nísàlẹ̀, ó sì yà síta díẹ̀. Wo bókẹ́ẹ̀tì ilé yín, wo abọ́ rọ́bà ilé yín, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Lẹ́yìn èyí, wo bó ṣe fẹ́lẹ́ tó. Gbé rúlà lé etí ibi tó bá ti kán: mìlímítà díẹ̀ ni. Kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kó nípọn, ṣebí àgbàlagbà ló máa jókòó lé e? Ẹni tó ń da rọ́bà ló kọ́kọ́ kọ̀. Rọ́bà tó nípọn kì í tètè tutù, ojú rẹ̀ a sì máa jìn wọnú níbi tó bá ti nípọn jù. Gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá tí àga bá sì fi jókòó sínú móòdù, owó ni. Ẹni tó ń ra rọ́bà náà kọ̀, torí pé kílò ni wọ́n fi ń tà á. Ara ẹni tó ń jókòó ló wá kù, ó ní òun ò gbọdọ̀ ṣubú. Báwo ni wọ́n ṣe parí ìjà yìí?

Mú pépà kan, di etí rẹ̀ kan mú, nà án síta. Ó tẹ̀ wálẹ̀ ni, àbí? Ṣẹ́ pépà kan náà po ní gígùn, kó ṣe igun bí òrùlé, kí o tún nà án síta. Ó le. Pépà náà kò nípọn sí i, ìtẹ̀ nìkan lo fi kún un. Wá padà sí àga rẹ kí o wo ẹsẹ̀ rẹ̀ láti inú. O kọ ọ́ bí ẹni pé òpó mẹ́rin ni. Kì í ṣe òpó. Rọ́bà fẹ́lẹ́ tí wọ́n tẹ̀ ní igun ni, inú rẹ̀ ṣófo, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Wo iwájú ìjókòó, níbi tí itan máa ń gbé lé: ó tẹ̀ wálẹ̀. Wo apá rẹ̀: etí rẹ̀ méjèèjì ká wálẹ̀. Etí ẹ̀yìn àga náà ká sẹ́yìn. Àwọn ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀ṣọ́ ni, inú wọn gan-an ni agbára àga náà wà. Bí o bá kọ ọ́ pé "móòdù kò gba ìnípọn, ara èèyàn sì ń béèrè agbára, ìdí nìyí tí wọ́n fi tẹ ẹsẹ̀ ní igun," gbólóhùn kan yìí ti ju gbogbo ojú ìwé tí o kọ lọ.

Ẹni tó ń kó àga sínú ọkọ̀ náà ní ohùn tirẹ̀. Lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi àga àti kánópì rẹ́ǹtì ní àdúgbò yín, wo bí wọ́n ṣe to àga lórí ara wọn. Yíyà tí ẹsẹ̀ yà síta tí móòdù béèrè fún, òun náà ló jẹ́ kí àga kan lè wọ orí èkejì. Ohun méjì fẹ́ ìrísí kan náà, ìyẹn kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tí o bá wo abẹ́ ìjókòó tàbí inú ẹsẹ̀ dáadáa, o lè rí kókó kékeré kan tí kò bá jókòó lọ, tí kò bá agbára lọ, tí kò sì jẹ́ ọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó má jẹ́ kí àga kan há mọ́ èkejì. Bí kò bá sí, ọkùnrin méjì ni ì bá máa fa àga ya ní àárọ̀ òde.

Àwọn èèyàn wa sì wá ṣe ohun kan tí mi ò rò pé ẹni tó ya àga yìí ronú kàn. O ti rí i lóde: bí ẹni tó sanra bá ń bọ̀, ẹnì kan á sáré fi àga méjì há inú ara wọn, á ní, "Màmá, ẹ jókòó síbí." Ìrísí tí wọ́n ṣe nítorí ọkọ̀ akẹ́rù, a sọ ọ́ di agbára. Kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ, má rò pé ọ̀rọ̀ àwàdà ni. Ohun tí àwọn tó ń lo nǹkan bá fi ọwọ́ ara wọn tún ṣe lára rẹ̀, ẹ̀rí ni. Ó ń fi hàn ọ́ ibi tí àdéhùn yẹn ti rẹ́ ẹnì kan jẹ. Wọ́n fún ọkọ̀ akẹ́rù ní gbogbo ohun tó béèrè, wọ́n wá fi ẹni tó tóbi sílẹ̀.

Ilẹ̀ náà wà lára àwọn tí wọn ò pè sí ìpàdé. Lórí táìsì tó ń dán, bí ẹnì kan bá fẹ̀yìn tì tagbáratagbára, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn máa ń yọ̀ lọ, torí pé ó ti yà síta tẹ́lẹ̀, ó sì fẹ́lẹ́. Lórí iyanrìn, ìdí ẹsẹ̀ tó tín-ín-rín yẹn á rì, àga á sì yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn méjèèjì wá láti inú ohun kan náà tí móòdù àti ọkọ̀ akẹ́rù fẹ́ràn.

Lọ wo àwọn tó ti kán náà. Mo fẹ́ kí o ya àwòrán ibi tí wọ́n ti là, ó kéré tán lára àga mẹ́wàá. Wàá rí i pé kì í ṣe ibi gbogbo ni àga rọ́bà ti máa ń là. Wo ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti pàdé ìjókòó, àti ìdí apá. Níbi tí nǹkan bá ti yí padà lójijì, tí igun rẹ̀ mú dípò kó rọra ká, ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ara èèyàn máa ń kó jọ sí. Oòrùn á wá parí iṣẹ́ náà: polypropylene tó bá ti pẹ́ níta, ojú rẹ̀ á di ẹfun, á gbẹ, á sì máa kán. Wàá tún rí àwọn tí wọ́n fi wáyà rán bí aṣọ, ihò ní ìhín, ihò ní ọ̀hún. Èmi gbà pé àga tí wọ́n fi wáyà rán ń kọ́ni ju èyí tó wà nínú náílọ́ọ̀nù lọ, torí pé ó ti dáhùn ìbéèrè tí o fẹ́ bi í.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí ihò ẹ̀yìn tí o ní nítorí atẹ́gùn ni. Irú ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ, torí pé ó dùn ún gbọ́, ó sì jọ òótọ́. Dán an wò. Bó bá jẹ́ atẹ́gùn ni olórí ìdí, níbo ni ara ti máa ń gbóná jù lórí àga? Ibi tí a gbé ìdí lé ni. Kí ló dé tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ni wọ́n dá ihò púpọ̀ sí, tí ìjókòó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dí pátápátá, àfi ihò kan tàbí méjì tí omi òjò á máa gbà jáde? Nítorí pé ìjókòó ló ń gbé ẹrù. Ẹ̀yìn kò gbé tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà wọ́n lè yọ rọ́bà kúrò níbẹ̀ kí owó lè dínkù, kí àga sì fúyẹ́. Wo bí àwọn ọ̀pá tó kù láàárín ihò ṣe dúró: nínú ọ̀pọ̀ wọn, òró ni wọ́n wà, láti ìjókòó lọ sókè. Ọ̀nà tí rọ́bà yíyọ́ gbà gòkè nìyẹn, ọ̀nà tí agbára ẹni tó fẹ̀yìn tì ń gbà sọ̀ kalẹ̀ náà nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú wá gba tirẹ̀. Ẹ̀yìn nìkan ni ibi tí ilé iṣẹ́ kan ti lè fi ara rẹ̀ hàn yàtọ̀ sí òmíràn, ìdí nìyẹn tí òdòdó, ìtànṣán oòrùn àti onírúurú ọnà fi wà níbẹ̀ tí kò sì sí lábẹ́ ìjókòó. Atẹ́gùn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni kó tò sí.

Àmọ́ ojú nìkan ò lè rí ohun gbogbo, ó yẹ kí o kàwé pẹ̀lú. Mú bíró Bic tó wà lọ́wọ́ rẹ, èyí tí wọ́n ti ń tà láti 1950. Ihò bín-ín-tín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, kí atẹ́gùn inú àti ti ìta lè dọ́gba ni, kí yíǹkì lè máa ṣàn. Ihò tó wà lórí ìdérí rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti rí i tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ pé kí yíǹkì má gbẹ ni. Rárá o. Láti 1991 ni wọ́n ti fi sí i, kí ọmọdé tó bá gbé ìdérí mì lè rí èémí mí títí tí wọ́n á fi gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Kò sí bí o ṣe lè fi ojú lásán mọ èyí.

Wọn á ti kọ́ ẹ ní gbólóhùn Louis Sullivan, ayàwòrán ilé ará Amẹ́ríkà, tó kọ ní 1896 pé ìrísí a máa tẹ̀lé iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe. Ọ̀rọ̀ ilé gogoro ló ń sọ nígbà náà, ó sì dáa láyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé e dé ọ̀dọ̀ àga, kò ní gbé ọ jìnnà. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo àga ń ṣe: kí èèyàn jókòó. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ nìkan ló ń pàṣẹ, àga kan ṣoṣo ni ì bá wà láyé. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé ohun tó mú sí ẹ̀gbẹ́ òmíràn tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Nọ́ńbà 14 tí Michael Thonet, ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní Vienna, gbé jáde ní 1859. Wá àwòrán rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wàá mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, torí pé òun ló kún ilé tíì àti ilé kọfí Yúróòpù. Igi beech ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n á fi ooru omi híhó rọ igi náà títí á fi ṣeé tẹ̀, wọ́n á dè é mọ́ irin kó lè gbẹ bẹ́ẹ̀. Igi mẹ́fà péré ni, skúrù mẹ́wàá, nọ́ọ̀tì méjì. Tẹ̀ lé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú ojú: ó gbéra nílẹ̀, ó gòkè kọjá ìjókòó, ó ká wá sí òdìkejì, ó sì sọ̀ kalẹ̀ di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kejì. Igi kan ṣoṣo ni! Ibi tí káfíńtà ì bá ti gbẹ́ oríkèé mẹ́rin, ìtẹ̀ kan ló wà níbẹ̀. Oríkèé a máa fẹ́ ọwọ́ ọ̀gá káfíńtà, òun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ yẹ̀. Ìtẹ̀ kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní Koryčany, nínú igbó beech ilẹ̀ Moravia, Thonet lè fi àwọn èèyàn tí kò kọ́ iṣẹ́ káfíńtà rárá ṣe é.

Wá gbọ́ ti ọkọ̀. Bí wọ́n bá tú àga náà palẹ̀, 36 irú rẹ̀ ló máa wọ inú àpótí kan tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga. Ibi tí wọ́n bá kó o dé ni wọ́n ti máa dè é pọ̀. Ìdí rèé tí àga Thonet fi rí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ìlà tí wọ́n fi pẹ́ńsù fà. Àga rọ́bà àti ti Thonet ní ìjà kan náà pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù. Ọ̀kan tú ara rẹ̀ palẹ̀, èkejì gun orí ara rẹ̀. Ojútùú méjì, ìrísí méjì. Bí o bá kọ ojú ìwé kan lórí èyí nìkan, olùkọ́ rẹ á dákẹ́.

Tí o bá tún fẹ́ ibi tí ojú ti borí gbogbo àwọn yòókù, wo àga Verner Panton, ará Denmark, tó dé ọjà ní 1967. Kò ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó kàn ṣàn láti orí délẹ̀ ni. Ìrísí ló kọ́kọ́ wá, wọ́n wá ń wá ohun èlò tó máa lè gbé e. Wọ́n pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀, ó là, wọ́n dá a dúró ní 1979, ó sì di 1999 kí èyí tí wọ́n fi polypropylene ṣe tó jáde.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni àpótí ìjókòó tí agbẹ́gilére gbẹ́. Òun náà, odidi kan ni, kò ní oríkèé, bíi ti àga rọ́bà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan, wọ́n da á. Èkejì, wọ́n gbẹ́ ẹ. Fi ojú inú fa ìlà yí àpótí ká, wàá rí i pé gbogbo etí rẹ̀ kan òbìrí igi tí wọ́n gé e lára rẹ̀, kò sí ibi tó yọ jù ú lọ. Igi ti fi ààlà sílẹ̀ kí àáké tó débẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn, ó sì kúrú, torí pé igi máa ń là tẹ̀ lé iṣan rẹ̀, ẹsẹ̀ tín-ín-rín tó bá dábùú iṣan kò ní pẹ́ kán. Ìnípọn kì í ná agbẹ́gilére ní nǹkan kan, ohun tó bá gbẹ́ dànù ló ń ná an ní òógùn. Ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀ pátápátá sí ti ilé iṣẹ́ rọ́bà.

Àwọn agbẹ́gilére sì ní ètò kan tó lè ràn ọ́ lọ́wọ́. Ọnà lílé ló máa ń ṣáájú, níbi tí wọ́n ti ń yọ àwọn ìwọ̀n ńláńlá jáde lára igi. Àlétúnlé á tẹ̀ lé e, tí wọ́n ń pín wọn sí kéékèèké. Dídán ló kàn. Fífín ló kẹ́yìn, ìyẹn ọnà ojú àti ti ara aṣọ. Ètò tí irú Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún (1928 sí 2009), fi gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó rẹ̀ nìyẹn. Ìwọ bẹ̀rẹ̀ láti orí fífín: àwọ̀, ihò, òdòdó. Bẹ̀rẹ̀ láti orí lílé. Báwo ni ìjókòó ṣe ga sí ilẹ̀? Ẹ̀yìn rẹ̀ dà sẹ́yìn tó báwo? Èwo ló fẹ̀ jù, èwo ló ń gbé èwo? Kò sóhun tó burú nínú pé kí ọ̀rọ̀ ihò dé ojú ìwé kẹta.

Ní ti orúkọ ẹni tó ya á, má fi ìyẹn pa ara rẹ. Kò sí ẹnì kan. Ní 1946, D. C. Simpson, ará Kánádà, ti ṣe àpẹẹrẹ kan, ṣùgbọ́n rọ́bà tó tọ́ kò tíì sí. 1954 ni Giulio Natta ṣe polypropylene tó le ní Ítálì. Helmut Bätzner ní Jámánì tẹ àga odidi kan jáde ní 1966 pẹ̀lú polyester, irú rọ́bà mìíràn, àti òwú gíláàsì. Ní 1972 ni Henry Massonnet, ará Faransé, gbé Fauteuil 300 jáde, tí kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì lọ láti ṣe ọ̀kan. Èyí tó wà níta ilé yín, ọmọ-ọmọ gbogbo wọn ni, tí ilé iṣẹ́ oríṣiríṣi ti tún ṣe láì fi orúkọ sí i. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò ní orúkọ ẹni tó yà á dára fún àyẹ̀wò, torí pé kò ní jẹ́ kí o sá sábẹ́ ìtàn ìgbésí ayé ẹnì kan.

Pa "ó lẹ́wà" rẹ́ o. Lójú ta ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ni? Ní ìlú Basel ní Switzerland, láti 2008 títí di 2017, wọn kò gba àga rọ́bà funfun láàyè ní gbangba ìlú, wọ́n ní ó ń ba ojú ìlú jẹ́. Níbí, a kì í lé e kúrò lóde, aṣọ la máa ń wọ̀ fún un, a ó wá fi ríbọ́ọ̀nù so ẹ̀yìn rẹ̀. Wo aṣọ yẹn dáadáa: ó bo ẹsẹ̀ tó yà, ó bo ihò, ó bo etí tó ká. Gbogbo ohun tí móòdù àti ọkọ̀ akẹ́rù pàṣẹ ló bò mọ́lẹ̀, gíga rẹ̀ àti bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe dà sẹ́yìn nìkan ló ṣẹ́kù fún ojú. Nínú àga tí wọ́n wọ̀ láṣọ àti èyí tó wà ní ìhòòhò, èwo ni wọ́n máa ń gbé fún àwọn àgbà ní ìlà iwájú? Ìyẹn ló yẹ kó wà níbi tí o kọ "ó lẹ́wà" sí.

Ní ti fọ́tò: lò ó fún àwọn ibi tó là àti àwọn tí wọ́n fi wáyà rán, torí pé ẹ̀rí ni wọ́n. Fún ìyókù, ya á. Fọ́tò á gbà kí o fo igun kan tí o kò lóye, pẹ́ńsù kò ní gbà. Gba àga kan tó ti kán lọ́wọ́ àwọn tó ń rẹ́ǹtì, fi ayùn gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìdábùú níbi mẹ́ta, lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, kí o tẹ ojú ibi tí o gé lé pépà, kí o fi pẹ́ńsù fa etí rẹ̀ yí ká. Kọ ìwọ̀n ìnípọn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú ìwé àkọ́kọ́ tí o máa fún olùkọ́ rẹ nìyẹn.